Áńpù túùbù tó dùn nílé, tó ń pòórá ní rìhásà

Òǹkàwé kan béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ọ̀gá, áńpù túùbù wáàtì 50 ni mo ní, EL34 méjì, àwọn túùbù ńlá tó ń ti sípíkà, ló wà lẹ́yìn rẹ̀, mo sì so ó mọ́ àpótí oní-sípíkà mẹ́rin, íǹṣì 12, 16 ohm (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná). Nínú yàrá mi, mo máa ń fi gain (agbára túùbù iwájú) sí 8, master (ìwọ̀n ohùn gbogbo) sí 1, bass (ohùn ìsàlẹ̀) sí 8, mid (ohùn àárín) sí 3, treble (ohùn òkè) sí 7, ohùn náà á sì kún bámúbámú. Ṣùgbọ́n bí a bá dé rìhásà, tí onílù, ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀sì àti oníkíbọ́ọ̀dù bá bẹ̀rẹ̀, gìtá mi á kàn máa kùn bí agbọ́n inú ìgò. Bí mo bá ṣí master dé 4, gbogbo wọn á fajú ro. Bí mo bá dín in kù, n kò ní gbọ́ ara mi mọ́. Ṣé kí n ra attenuator, ẹ̀rọ tó ń dín agbára áńpù kù kó tó dé sípíkà ni, àbí kí n tà á kí n ra oní-wáàtì kékeré?"

Ẹ má tà á. Ẹ má sì tíì náwó lórí ohunkóhun. Kò sí ohun tó ṣe áńpù yín. Ètò tí ẹ ṣe fún un ni kò bá ibi tí ẹ gbé e lọ mu. Ohùn tí ẹ dá ṣètò nínú yàrá, ohùn àdágbé ni, ohùn àdágbé kì í sì í bá ẹgbẹ́ gbé. Ẹ ó ní láti ṣètò rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tí ìlù bá ń dún lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ohùn náà fi ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, torí ẹni tó bá mọ ìdí rẹ̀ kò ní máa yí nọ́ọ̀bù kiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn.

Etí wa ni àkọ́kọ́. Nígbà tí nǹkan bá ń dún jẹ́ẹ́jẹ́, etí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn òkè náà á sì rẹlẹ̀ létí. Ohùn àárín ló máa ń gbọ́ jù. Bí ohùn bá ti ń ròkè sí i, ìyàtọ̀ yẹn á máa dínkù, ohùn ìsàlẹ̀ á wá jí dìde. Fletcher àti Munson wọn èyí ní ilé ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1933. Nítorí náà, bass 8 àti mid 3 tí ẹ ń gbádùn nílé, ẹ̀ ń fi ran etí yín lọ́wọ́ ni. Ní rìhásà, etí kò nílò ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ́, bass 8 náà á wá di àpọ̀jù.

Ìkejì ni ìjà àyè. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá, E ìsàlẹ̀, wà ní 82 hertz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). E ti gìtá bẹ́ẹ̀sì wà ní 41 hertz. Ìlù ńlá tí onílù ń fi ẹsẹ̀ lù wà ní agbègbè yẹn kan náà, ọwọ́ òsì oníkíbọ́ọ̀dù náà sì ń já síbẹ̀. Bí ẹ bá tú bass sí 8, ẹ ti lọ fún ara yín mọ́ àárín èèyàn mẹ́ta tó ti jókòó tẹ́lẹ̀. A ò ní gbọ́ yín níbẹ̀, ẹ ó kàn máa ba tiwọn jẹ́ ni. Ilẹ̀ gìtá gan-an bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 400 hertz títí dé 3,000, ilẹ̀ ọ̀hún sì ni mid 3 yín ti fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ohun tó wá kù kò ju òkè lásán lọ, treble 7 lórí gain 8. Agbọ́n inú ìgò tí ẹ sọ nìyẹn.

Ohun kan tún wà tí kò yé ọ̀pọ̀ onígìtá. Nínú ọ̀pọ̀ áńpù túùbù, nọ́ọ̀bù bass, mid àti treble kì í fi ohunkóhun kún ohùn. Rẹ̀sísítọ̀ àti kápásítọ̀ lásán ló wà lẹ́yìn wọn. Yíyọ ni wọ́n ń yọ. Mid 10 kò túmọ̀ sí pé mid ti pọ̀ jù, ó túmọ̀ sí pé wọ́n yọ díẹ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù láti gbé e kọjá 7. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì so kọ́ra: ẹ yí treble, mid náà á yẹ̀ díẹ̀ ní àyè tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ padà sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣètò gbogbo wọn.

Wáàtì mélòó lẹ̀ ń lò ní tòótọ́?

Ẹ wo ẹ̀yìn sípíkà yín, kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ wá wá iye decibel (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) tó ń fúnni. Celestion Vintage 30, fún àpẹẹrẹ, ń fúnni ní 100 decibel ní mítà kan pẹ̀lú wáàtì kan péré. Wáàtì 2 á gbé e dé 103, wáàtì 4 á gbé e dé 106, wáàtì 8 á gbé e dé 109, nítorí pé bí a bá sọ agbára di ìlọ́po méjì, decibel 3 péré ló ń fi kún un. Onílù tó ń lù ú bó ṣe yẹ nínú yàrá kékeré lè tètè kọjá 100 decibel. Ẹ fi wé ara wọn: pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin nínú àpótí kan, wáàtì díẹ̀ ti tó láti bá onílù dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Àádọ́ta wáàtì tí ẹ ní kò tíì jí rárá.

Ohun méjì ló jáde látinú ìṣirò yìí. Èkíní, bí ẹ bá ta áńpù yín tí ẹ ra oní-wáàtì 22, ìyàtọ̀ tí ẹ máa rí kò pé decibel 4. Kí etí tó gbà pé ohùn ti dínkù dé ìdajì, agbára gbọ́dọ̀ wálẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, ìyẹn láti wáàtì 50 dé wáàtì 5. Èkejì, EL34 yín kò ní dé ibi tí àwọn fúnra wọn ti ń ṣe distortion, ìyẹn kí ohùn máa ya, ní rìhásà, ẹ má sì máa lé e kiri. Distortion yín á wá láti ara àwọn túùbù kéékèèké iwájú, àwọn 12AX7. Iṣẹ́ tí ẹ nílò lọ́wọ́ apá ẹ̀yìn ni kó ní agbára tó láti ti sípíkà dáadáa, kí pépà sípíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní master 1, kò rìn. Láti 2 tàbí 3 lọ ni nǹkan ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ohùn túùbù tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ gbé ẹrù wúwo kiri ti ń jáde.

Bí ẹ ṣe máa ṣètò rẹ̀

Ẹ tan áńpù, ẹ fi í sí standby (ipò ìdúró) fún ìṣẹ́jú kan kí túùbù gbóná. Ẹ fi gain sí 4, bass sí 3, mid sí 7, treble sí 5, presence (nọ́ọ̀bù mímú ohùn òkè) sí 3, master sí òdo. Fólúùmù orí gìtá, 10. Ẹ bẹ onílù àti ẹni tó ń ta bẹ́ẹ̀sì kí wọ́n mú orin kan tí gbogbo yín mọ̀, kí wọ́n máa lù ú lọ bí wọ́n ṣe ń lù ú níwájú èrò, kí wọ́n má dúró. Ẹ̀yin náà ẹ máa ta, ẹ wá máa gbé master díẹ̀díẹ̀. Ìlù pẹlẹbẹ tó ń dún páà, ìyẹn snare, ni kí ẹ tẹ́tí sí. Níbi tí kọ́ọ̀dù yín àti snare bá ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan kò bo èkejì, ẹ dúró níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó bọ́ sáàárín 2 sí 4. Ẹ má tún fọwọ́ kan master mọ́ títí ẹ ó fi parí ètò orí àwọn nọ́ọ̀bù yòókù; bí ẹ bá tún rò pé ẹ ò gbọ́ ara yín, mid tàbí ibi tí àpótí kọjú sí ló jẹ̀bi.

Bass ló kàn. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń ta okùn lé orí àwọn okùn ní ìdí wọn, kí ó dí wọn díẹ̀, kí ẹ wá ta E ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó yẹ kó dún gbù, gbù, gbù, gbù, kí ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan parí sí kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ń wọnú ara wọn, tó di gbùùùù kan ṣoṣo, ẹ fa bass wálẹ̀ ní ìdajì nọ́ńbà, ẹ tún dán an wò. Bí ẹ ṣe ń fà á wálẹ̀, ara gìtá bẹ́ẹ̀sì ni kí etí yín wà, kì í ṣe ara tiyín. Ẹ ó gbọ́ ìgbà tí bẹ́ẹ̀sì á yọrí lójijì bí ẹni tí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá wá dá ta gìtá yín lẹ́yìn náà, ó máa dún tín-ín-rín létí yín. Kò burú. Bẹ́ẹ̀sì ló ń ru ìdí ohùn yín nínú ẹgbẹ́.

Gain ló le jù fún ọ̀pọ̀ èèyàn láti fi sílẹ̀, òun náà ló sì ń ba ohùn jẹ́ jù. Ohun tí etí fi ń rí gìtá láàárín ìlù ni ìkanlẹ̀ píìkì, bí okùn ṣe ń ta kí ó tó máa dún lọ. Gain púpọ̀ máa ń tẹ ìkanlẹ̀ yẹn pẹlẹbẹ. Ìbẹ̀rẹ̀ ohùn àti ìparí rẹ̀ á ga bákan náà, gìtá á wá dà bí ògiri tí kò ní fèrèsé. Ẹ ta kọ́ọ̀dù G tó kó okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, ẹ jẹ́ kó dún lọ, kí ẹ wá ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí etí yín kò bá lè ya B tó wà láàárín kọ́ọ̀dù náà sọ́tọ̀, gain ti pọ̀. Ẹ dín in kù títí ẹ ó fi rò pé ó ti kéré jù, kí ẹ fi ìdajì nọ́ńbà dá a padà. Ariwo rìhásà fúnra rẹ̀ á fi okun kún ohùn náà: okùn gìtá ń gbọ̀n pẹ̀lú sípíkà, nóòtì á pẹ́ kó tó kú, nígbà tó jẹ́ pé nílé gain nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé mid lọ sókè láti 7. Ní ibì kan láàárín 7 sí 9, gìtá á jáde bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ. Bó bá ti ń dún bí ẹni tó ń fi imú sọ̀rọ̀, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Treble àti presence ló kẹ́yìn, a ò sì gbọ́dọ̀ ṣètò wọn láti ibi tí ẹ dúró sí. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Àmọ́ bí bass bá ti wálẹ̀ dé 2 tí E ìsàlẹ̀ ṣì ń dún gbùùùù ńkọ́? Ìdí rẹ̀ ni pé nínú àwọn áńpù oní-gain tó jẹ́ ìran Marshall, nọ́ọ̀bù bass wà lẹ́yìn àwọn túùbù tó ń ṣe distortion. Bass tó pọ̀ ti wọ inú 12AX7, ó ti bò wọ́n mọ́lẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀bù. Ohun tí ẹ yọ lẹ́yìn kò lè tún ohun tó ti bàjẹ́ níwájú ṣe. Iwájú áńpù ni kí ẹ ti yọ ọ́. Pẹ́dà overdrive irú Tube Screamer ń ṣe é dáadáa: ẹ fi drive rẹ̀ sí òdo tàbí 1, level sí 7 tàbí 8, tone sí àárín, kí ẹ sì fa gain áńpù wálẹ̀ ní nọ́ńbà kan. Nínú pẹ́dà yẹn, ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 720 hertz kì í gba agbára tó ti òkè ń gbà, ìdí nìyẹn tí E ìsàlẹ̀ á fi le gbagidi. Ẹni tó bá ní pẹ́dà EQ (èyí tó ń gbé apá ohùn kọ̀ọ̀kan sókè tàbí sílẹ̀) lè fi í síwájú áńpù, kó fa 100 àti 200 hertz wálẹ̀ ní decibel 4 sí 6. Ní ìran Fender àtijọ́, nọ́ọ̀bù bass wà níwájú, lẹ́yìn túùbù àkọ́kọ́, torí náà fífa bass wálẹ̀ nìkan ti tó níbẹ̀.

Ibi tí sípíkà kọjú sí

Ọ̀pọ̀ nínú ẹjọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń rò wà níbí. Sípíkà íǹṣì 12 kì í tú gbogbo ohùn káàkiri bákan náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ń tàn ká yàrá bí èéfín, ṣùgbọ́n láti bíi 2,000 hertz lọ sókè, ó ń jáde tààrà bí iná tọ́ọ̀ṣì. Ẹ lè fi etí ara yín dán an wò. Ẹ fi master sílẹ̀ gan-an, kí ẹnì kan máa ta kọ́ọ̀dù kan náà, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní mítà kan síwájú sípíkà, kí ẹ wá máa gbé orí yín lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Láàárín gbùngbùn, ohùn náà mú bí abẹ. Bí ẹ ṣe ń yà kúrò, ó ń ṣú, bẹ́ẹ̀ sì rèé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan nọ́ọ̀bù.

Ẹ wá ro ó wò: àpótí yín wà nílẹ̀, ẹ dúró ní mítà kan síwájú rẹ̀. Orúnkún àti itan yín ni tọ́ọ̀ṣì yẹn ń tàn sí. Ohùn ṣíṣú ló ń dé etí yín, ẹ̀yin náà á fi treble kún un, ẹ ó fi master kún un. Ẹni tó dúró ní ìkángun yàrá, tí ìmọ́lẹ̀ náà dé ojú rẹ̀, ń gba gbogbo mímú yẹn láìku nǹkan kan. Ó fajú ro, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ yí i padà. Kí àpótí wà ní òdìkejì ibi tí ẹ dúró sí, mítà méjì sí mẹ́ta, kí ó kọjú sí orí yín, kí onílù wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀. Ẹ gbé e sórí ohun tó lágbára, tàbí kí ẹ fi ohun pẹlẹbẹ kan sábẹ́ iwájú rẹ̀ kó fẹ̀yìn sílẹ̀ díẹ̀, kí àárín sípíkà òkè máa wo etí yín. Àpótí oní-sípíkà mẹ́rin wúwo, torí náà bí ẹ bá máa fẹ̀yìn rẹ̀ tì, kí áńpù má wà lórí rẹ̀. Ẹ má tì í wọ igun yàrá. Ògiri méjì àti ilẹ̀ tó pàdé níbẹ̀ máa ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ ga, gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ṣe lórí bass á sì bàjẹ́. Ààyè bíi 60 sẹ̀ǹtímítà sí ògiri ẹ̀yìn dára. Bí ẹ bá ti wà nínú ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì náà, ẹ tẹ́tí, kí ẹ wá ṣètò treble àti presence láti ibẹ̀. Ẹ máa rí i pé treble 5 ti pọ̀ díẹ̀, àti pé ẹ lè fa master sẹ́yìn láìsọ ara yín nù.

Ṣé attenuator kò wúlò ni?

Ó wúlò, fún ẹni tí áńpù rẹ̀ kò ní master, tàbí tí ohùn tó ń wá wà nínú túùbù ẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ dé òpin agbára rẹ̀. Ní tiyín, òun ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá: ó ń jókòó láàárín áńpù àti sípíkà, ó ń sọ apá kan agbára di ooru. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa rà á, ẹ ṣọ́ nǹkan mẹ́ta. Ohm rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tiyín mu, 16 ní ẹ̀yìn áńpù, 16 lára attenuator, 16 lára àpótí. Agbára tó lè gbà gbọ́dọ̀ ju ti áńpù lọ dáadáa, nítorí áńpù wáàtì 50 tó ti ń ṣe distortion dé góńgó ń tú ju wáàtì 50 jáde. Èyí tó gba 100 ni kí ẹ mú. Ìkẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní reactive sàn ju oní-rẹ̀sísítọ̀ lásán lọ. Ohm sípíkà tòótọ́ kì í dúró lójú kan: ó ń ga ní agbègbè tí pépà rẹ̀ ti ń fẹ́ gbọ̀n jù, ó sì tún ń ga lọ ní òkè. Rẹ̀sísítọ̀ kò mọ ìyẹn, ìdí nìyẹn tí ohùn fi ń kú lórí rẹ̀ bí ẹ bá ti dín in kù púpọ̀. Decibel 3 sí 6 kò ní ba ohùn jẹ́. Bó bá ti kọjá 12, ọ̀rọ̀ etí tí a sọ lókè á padà, pépà sípíkà á sì dẹ́kun rírìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ má ṣe tan áńpù túùbù kí ẹ wá ta gìtá lórí rẹ̀ láìsí sípíkà tàbí ẹrù mìíràn tó bá a mu lẹ́yìn rẹ̀. Agbára tí kò ríbi lọ á padà sínú tíráńsífọ́mà tó so túùbù mọ́ sípíkà, fóltì á fò sókè, ó lè fọ́ ìdè wáyà inú tíráńsífọ́mà tàbí kó sun ẹsẹ̀ túùbù. Fún ìdí kan náà, wáyà gìtá kò gbọ́dọ̀ wà láàárín áńpù àti àpótí. Ó tín-ín-rín, ó lè gbóná kó já. Wáyà sípíkà oní-okùn méjì, 1.5 mílímítà níbùú-lóòró tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì pa áńpù kí ẹ tó yọ ọ́ tàbí kí ẹ tó fi í sí ihò rẹ̀.

Ẹni tí áńpù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 100 oní-túùbù mẹ́rin lè ti gbọ́ pé kí òun yọ méjì. Ó ṣeé ṣe nínú ọ̀pọ̀, bí a bá yọ ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan, tí a sì fi nọ́ọ̀bù ohm sí ìdajì ohm àpótí. Decibel 3 péré ni èrè rẹ̀. Tiyín kò ní ju méjì lọ, ẹ má yọ ọ̀kankan.

Ohun tó lè dín ariwo kù ju ìyẹn lọ ni sípíkà fúnra rẹ̀. Greenback ti Celestion wà ní nǹkan bíi 98 decibel, ó rẹlẹ̀ ju Vintage 30 lọ ní 2, ohùn àárín rẹ̀ sì dùn fún irú orin báyìí. Àmọ́ wáàtì 25 ni ọ̀kan rẹ̀ lè gbà. Mẹ́rin rẹ̀ lábẹ́ áńpù yín kò ní ìṣòro. Ọ̀kan ṣoṣo lè jóná.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá gìtá ta

Rìhásà sábà máa ń dàrú nígbà tí àkókò sólò bá dé, tí onígìtá á bẹ̀rẹ̀ mọ́ áńpù láti gbé master. Bí ẹ bá fi pẹ́dà boost (èyí tó ń gbé ohùn sókè) síwájú áńpù tó ti ń ṣe distortion, ohùn kò ní ga, distortion nìkan ló máa pọ̀ sí i, nítorí túùbù iwájú kò ní àyè mọ́. Inú effects loop, ìyẹn ihò ẹ̀yìn áńpù tí a ń so pẹ́dà mọ́, ni kí ẹ fi boost sí, lẹ́yìn ibi tí distortion ti ń ṣẹlẹ̀. Decibel 3 sí 5 ti tó. Bí áńpù yín kò bá ní loop, ẹ fi fólúùmù orí gìtá sí 7 fún kọ́ọ̀dù, kí ẹ ṣí i dé 10 fún sólò. Ní gain tí a ṣètò báyìí, 7 á mọ́, 10 á ní distortion, ohùn méjì á sì wà lábẹ́ ìka kan.

Bí ètò bá tọ́ tí ohùn ṣì burú

Ó lè wá jẹ́ túùbù. Ẹ fi pẹ́ńsù onígi lu 12AX7 lọ́kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ nígbà tí áńpù wà lórí. Èyí tó bá ń dún gbonran bí agogo nínú sípíkà ti di aláriwo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí gain bá ń yára jù, tí 2 kéré tí 3 pọ̀, ẹ fi 5751 sí ipò 12AX7 àkọ́kọ́: ìwọ̀n ìgbóhùnsókè 12AX7 jẹ́ 100, ti 5751 jẹ́ 70. Kò nílò àtúnṣe mìíràn, kí áńpù ṣáà ti wà ní pípa kí túùbù sì ti tutù.

EL34 yàtọ̀. Bí wọ́n bá ti rẹ̀, ohùn á ṣàárẹ̀, bass á rọ̀ wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀, kò sì sí nọ́ọ̀bù tó lè wò ó sàn. Bí ẹ bá pààrọ̀ wọn, bias, ìyẹn iye iná tó ń gba inú túùbù kọjá nígbà tí ẹ kò ta nǹkan kan, gbọ́dọ̀ jẹ́ wíwọ̀n. EL34 lè gba wáàtì 25 ní pléètì (irin inú túùbù). Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni 17.5. Bí fóltì pléètì bá jẹ́ 450, 17.5 tí a pín sí 450 jẹ́ nǹkan bíi 39 milliamp fún túùbù kọ̀ọ̀kan. Bí pléètì bá ń pọ́n bí ẹyin iná, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kí ó ṣí i: fóltì tó wà nínú kápásítọ̀ rẹ̀ lè pa ènìyàn, kódà lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà iná kúrò lára ògiri.

Ẹ tún fi ohun ìdí etí àwọn olórin sí etí, irú èyí tó ń dín gbogbo ohùn kù bákan náà, kí ẹ sì ti wọ̀ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ètò. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi 85 decibel sí wákàtí 8, wọ́n sì ń gé àkókò yẹn sí ìdajì fún decibel 3 kọ̀ọ̀kan; 100 decibel, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Tí etí bá ti rẹ̀, kì í gbọ́ òkè dáadáa mọ́, ẹ ó wá máa fi treble kún ohùn tó ti mú tẹ́lẹ̀.

Bí ohùn bá ti bọ́ sójú ọ̀nà, ẹ gé téèpù funfun sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tó wà. Ní yàrá rìhásà mìíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì náà, bass, presence àti master nìkan ni kí ẹ fọwọ́ kàn. Nílé, ẹ ṣètò bó bá ṣe wù yín, kí ẹ sì dá gbogbo rẹ̀ padà sórí àmì kí ẹ tó gbé e jáde.